Àpótí Tó Wà Lẹ́yìn Pọ́ǹpù

Gbé e padà! Mo ní kí o gbé àpò èso yẹn padà sínú ọkọ̀ ẹ, Lazarus, a ò jẹ ọsàn, a ò jẹ èso àjàrà, ebi èso ò pa ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí. Má fọwọ́ kàn mí. Ṣé o ò gbọ́ ni? Má fọwọ́ kàn mí! Èmi Fọlá, èmi tí mo gbé ẹ pọ̀n lẹ́yìn ikú ìyá wa, tí mo ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí ẹ lẹ́nu, èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀, nítorí náà jókòó. Jókòó sórí àga yẹn. O wakọ̀ láti Mariners Harbor wá sí St. Albans níbí, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, o wọlé bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, o ní, "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ àná." Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ wo ni mo ṣe lánàá yàtọ̀ sí pé mo jókòó láàárín èèyàn tí ojú ń tì mí?

Ọkọ mi Akínwùmí ò sí nílé. Ó rí ọkọ̀ ẹ láti ojú fèrèsé, ó sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, ó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ lọ sí Linden Boulevard. Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin tó ni ilé, òun ló ń yọ́ jáde nínú ilé rẹ̀ kí ojú má baà tì ẹ́! Kì í ṣe kí ojú má ti òun o, kí ojú má ti ìwọ! Irú èèyàn tí o pa lára nìyẹn.

Kí ni mo ṣe ń pariwo? Ó ń bi mí pé kí ni mo ṣe ń pariwo! Lazarus, ṣé ìwọ kọ́ lo dúró níwájú ìjọ lánàá, tí wọ́n gbé máíkì lé ẹ lọ́wọ́, tí o ń ṣọpẹ́ iṣẹ́ tuntun tí ilé-iṣẹ́ ẹ rí gbà? Ó dára, ṣọpẹ́ iṣẹ́ ẹ. Ta ló bẹ̀ ẹ́ pé kí o fi orúkọ ọkọ mi kún un? O ní, "Mo tún dúpẹ́ nítorí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí Ọlọ́run yọ nínú àṣìṣe ọwọ́ ara rẹ̀." Àṣìṣe ọwọ́ ara rẹ̀! O sọ ọ́ nínú máíkì! O ò tilẹ̀ kólòlò.

Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n yíjú wá wò ó. Ó jókòó tì mí, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú yẹn, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, Lazarus, ó ń rẹ́rìn-ín! Nígbà tí ìsìn parí, wọ́n wá ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ìkan ń tẹ̀ lé ìkan, "Ẹ kú ewu o, ẹ máa ṣọ́ra o, iná ò mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n o," ọkọ mi sì ń na ọwọ́ òsì sí wọn, ó ń sọ fún olúkúlùkù pé, "Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni. Ẹ má bínú." Ọkùnrin tí irun orí rẹ̀ ti funfun, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ kékeré inú ẹgbẹ́ akọrin nítorí pé ọwọ́ tó yẹ kó fi bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ò ká mọ́. Kì í sọ ọ́ sókè. Ṣe ló máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ji nǹkan.

A délé. Kò bọ́ kóòtù. Ó jókòó sí kíṣìnì, lórí àga tí o jókòó lé yìí gan-an, ó fi ọwọ́ yẹn lé orí tábìlì bí ìgbà tí èèyàn sọ ẹrù ẹlòmíràn kalẹ̀, ó ní, "Ìyá Démi, ó ti wúwo jù fún mi." Mo ní kí ló wúwo? Mo bu omi fún un, kò mu ún. Ó wá ní, "Lazarus ló so àpótí yẹn. Mo bi í, ó sì ní rárá."

Dákẹ́! Mi ò tíì bi ẹ́ ní nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ni ìwọ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, o bá àwọn onílé sọ̀rọ̀, o bá àwọn tó wá ṣe àyẹ̀wò sọ̀rọ̀, o bá ìjọ sọ̀rọ̀. Lónìí, ìwọ lo máa gbọ́.

Ta ló lọ pàdé ẹ ní pápákọ̀ òfuurufú ọjọ́ tí o dé New York? Ta ló bọ́ kóòtù lọ́rùn ara rẹ̀ fún ẹ nítorí pé o wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ lásán wọ inú yìnyín? Nínú pálọ̀ wa lo sùn, ọkọ mi ò sì bi mí lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo ni àbúrò ẹ máa lọ. Ó mú ẹ lọ síbi iṣẹ́. Ìwé tí òun kà ní pólì Ìbàdàn, ìwọ náà ka tìẹ ní Yaba, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níhìn-ín, òun ló mú ẹ wọ gbogbo bésímẹ́ǹtì, àwọn yàrá abẹ́ ilé, tó wà láti Harlem títí dé òkè ìlú. Nígbà tí ẹ fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, òun ló ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹ sára ọkọ̀. Mo bi í pé, "Kí ló dé tí kì í ṣe tìẹ?" Ó ní, "Lazarus mọ èèyàn í bá sọ̀rọ̀. Èmi, jẹ́ kí n máa bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì ń dunnú.

Ó fẹ́ràn ẹ̀rọ, o mọ̀. Ìwọ náà ti gbọ́ ọ títí ó fi sú ẹ. Èmi ò ṣe iṣẹ́ iná rí, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, ṣùgbọ́n bí a bá ti jẹun tán, á bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó ń yí pọ́ǹpù máa ń béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ iná. Ìkan ni agbára tó ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń ti omi gòkè lọ fún àwọn tó ń gbé lókè. Ìyẹn bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Ìkejì kì í ṣe iṣẹ́ kankan tí èèyàn lè tọ́ka sí, ó kàn ń lọ ó ń bọ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n tí kò bá sí, òòfà inú ẹ̀rọ ò ní jí, ẹ̀rọ ò sì ní yí. Òyìnbó ń pè é ní reactive power. Òun ń pè é ní agbára àlọ-àbọ̀. Ó ní bí ìgbà tí òun àti Démi bá ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn ní páàkì ni: bọ́ọ̀lù kì í tán, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n apá á ro èèyàn.

Ó ní níbi tí kò bá sí dráìfù, àpótí tó ń darí eré ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á máa bá wáyà ojú títì ju bọ́ọ̀lù yẹn, wáyà á sì máa gbóná lásán, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe máa ń gbé kapásítọ̀, ohun tó ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, sítòsí ẹ̀rọ kó lè máa bá a jù ú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ gbé dráìfù sí ilé Harlem tí ọkọ mi ti wá fara pa yẹn, àpótí tó ń mú kí pọ́ǹpù sáré nígbà tí gbogbo ilé ń wẹ̀ láàárọ̀, tó tún ń mú kó rọra nígbà tí wọ́n bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, kapásítọ̀ ti wà níkùn dráìfù fúnra rẹ̀. Òun ló ń bá ẹ̀rọ ju bọ́ọ̀lù nínú ilé níbẹ̀. Ojú títì ò tilẹ̀ mọ̀ sí i. Èmi tí mo ń fọ abọ́, ó yé mi! Ìwọ tí o ń ṣe é jẹun ńkọ́?

Ó yé ẹ. Mo mọ̀ pé ó yé ẹ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan so táì mọ́ ọrùn wá bá ẹ, ó gbé àpótí kapásítọ̀ aláwọ̀ ewé wá, ó ní tí o bá so ó mọ́ pọ́ǹpù gbogbo ilé tí o ń tọ́jú, owó iná wọn á já wálẹ̀, ìwọ làwọn onílé á sì máa pè. Ó dùn mọ́ ẹ nínú. O gbé e lọ bá Akínwùmí ní bésímẹ́ǹtì, o ní kó so ó sáàárín dráìfù àti ẹ̀rọ. Ó ní òun kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, òun rò pé o ń ṣeré ni. Ó ní, "Lazarus, a kì í so kapásítọ̀ sẹ́nu dráìfù." Ó fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní iná tó ń ti ẹnu dráìfù jáde kì í jáde gbọọrọ bíi ti ojú títì, ṣe ni dráìfù ń gé e wẹ́wẹ́, wéréwéré, gbogbo ìgbà tó bá sì ti gé e, kapásítọ̀ ìta yẹn á la ẹnu gbàgà, á gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, títí agbára dráìfù á fi pin, tí á bẹ́. Ó ní kò tilẹ̀ wúlò, nítorí ohun tó fẹ́ wá ṣe, kapásítọ̀ inú lọ́hùn-ún ti ń ṣe é.

Kí lo wí fún un? Sọ ọ́. Ó tì, sọ ọ́! Ìwọ tí máíkì ò dẹ́rù bà. Èmi á bá ẹ sọ ọ́. O ní, "Bọ̀dá, ẹ ti ń dàgbà, gbogbo nǹkan tuntun ló ń bà yín lẹ́rù." Níwájú Susan, obìnrin tó ń bójú tó ilé náà! Akínwùmí palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó wá sílé. Mo rántí ọjọ́ náà, ó jókòó ti oúnjẹ kò jẹ ẹ́, mo bi í pé ta ló ṣe ẹ́ ní nǹkan, ó ní, "Kò sẹ́nìkan. Lazarus ti di ọ̀gá." Mo rò pé ó ń yìn ẹ́ ni! Olúwa ò, mo rò pé ó ń yìn ẹ́ ni.

Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó fi àpótí yẹn sílẹ̀ ní igun ògiri, ó ní kí o dá a padà fún ẹni tó tà á. Ọjọ́ tó sìn mí lọ rí dókítà ojú, nítorí pé mi ò lè dá wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ bọ̀ tí wọ́n bá ti kán oògùn sí mi lójú, ọjọ́ yẹn lo sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀, ìwọ nìkan, o so ó. O so ó, o sì tì í sẹ́yìn pọ́ǹpù, níbi tí ojú rẹ̀ ò ní tètè dé. Tó bá jẹ́ pé ohun tó tọ́ lo ṣe, kí lo ń gbé e pamọ́ fún? Dá mi lóhùn. Kí lo ń gbé e pamọ́ fún, Lazarus?

O fẹ́ kó rí owó iná tó dín kù kí o tó fi hàn án. Hẹn-ẹn. Àrà lo fẹ́ dá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni dráìfù bẹ́. Susan pè, ó ní èéfín ń jáde, omi ò gun òkè mọ́, àwọn ìyá ọlọ́mọ ń gbé ike omi gba àtẹ̀gùn. Akínwùmí ò tíì mu tíì, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó lọ. Nígbà tó débẹ̀, o ti wà níbẹ̀, o dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife kọfí. Ó pa iná. Ó fi àgádágodo rẹ̀ ti súwíìṣì pa kí ẹnikẹ́ni má tàn án. Ó wá dúró, ó ń retí, nítorí pé bí iná bá tilẹ̀ ti lọ, kapásítọ̀ inú dráìfù ṣì máa ń di agbára mú fún ìgbà díẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ kọ́ gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ohun tó kọ́kọ́ kọ́ ìwọ náà nìyẹn. Ó dúró, Lazarus! Gbogbo ayé ń sọ pé kò dúró. Ó dúró, ó fi mítà wọ̀n ọ́n, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tú wáyà tó lọ síbi ẹ̀rọ kúrò lẹ́nu dráìfù. Ó wá yíjú sí ẹ, ó ní, "Lazarus, ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan níbí nígbà tí mi ò sí?"

O ní, "Rárá, Bọ̀dá."

Rárá! Ọ̀rọ̀ kan péré. Àní tó bá jẹ́ pé ṣe lo wúkọ́, tó bá jẹ́ pé ṣe lo ní "ẹ dúró ná", tó bá jẹ́ pé ṣe lo da kọfí yẹn sílẹ̀ kó lè wo ẹ̀yìn, ọwọ́ ọkọ mi ì bá wà lára rẹ̀ lónìí bí ọwọ́. Ó gbà ẹ́ gbọ́. Kí ni kò ní gbà ẹ́ gbọ́ sí? Ọmọ ilé rẹ̀ ni ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí ìdérí ibi tí wáyà ti wọ inú ẹ̀rọ, ó fẹ́ tú u kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ti jóná. Wáyà tí kò kan ojú títì mọ́, tí kò kan dráìfù mọ́, ta ni yóò rò pé nǹkan wà nínú rẹ̀? Ṣùgbọ́n àpótí ẹ so mọ́ ọn lẹ́yìn. Dráìfù tó ń kú lọ ti da agbára sí i nínú, ohun tó yẹ kó máa fà á gbẹ díẹ̀díẹ̀ ti já nínú rẹ̀, nǹkan jákujàku tí ọkùnrin onítáì tà fún ẹ, ó kún bámúbámú, ó ń dúró de ẹnikẹ́ni.

Ó ní òun ò gbọ́ ariwo kankan. Ó ní ṣe ni gbogbo nǹkan funfun. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lórí sìmẹ́ǹtì tútù, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn bí ìgbà tí irun bá kan iná, ó sì ń wo abẹ́ pọ́ǹpù láti ilẹ̀. Ó rí àwọ̀ ewé. Ó rí wáyà. Ó mọ ọwọ́ tó dì í, nítorí pé òun ló kọ́ ọwọ́ náà bí wọ́n ṣe ń dì í. Lánàá, nígbà tó dé ibẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó fa ọwọ́ yẹn kúrò lórí tábìlì. Ó wá ní, "Ìyá Démi, kì í ṣe ọwọ́ yìí ló ń dùn mí. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń kúnlẹ̀. Ó ń wò mí, ó sì mọ̀."

Kí lo ní o rò? Sọ ọ́ síta! O rò pé ó ti gbẹ? O rò pé iná inú rẹ̀ ti gbẹ! Àyà ẹ ń já, àbí kò já? Tí àyà ẹ bá já, èwo ló rọrùn jù, kí àyà ẹ já tàbí kí ẹnu ẹ là? Ojú ló ń tì ẹ́. Nítorí pé ó ti sọ fún ẹ kí o má ṣe é, tí o sì ṣe é, tó sì bẹ́. O ò fẹ́ kó rí i pé òun ló mòótọ́. Nítorí ìtìjú bíi ti ọmọdé tó fọ́ àwo!

Mi ò ní parọ́ mọ́ ẹ. Susan sọ fún mi pé ìwọ lo tẹ àyà rẹ̀ títí ọkọ̀ ọsibítù fi dé, o ń sunkún, o ń tẹ̀ ẹ́, o ń pe orúkọ mi. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ fún ìyẹn. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, èmi ẹ̀gbọ́n, nínú yàrá ìdúródè, o sì gbé mi dìde, o ní, "Àǹtí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Kí n tó mọ̀! Kí n tó mọ̀ pé bí ọkọ̀ ṣe gbé e lọ ni o padà sínú bésímẹ́ǹtì, tí o tú àpótí yẹn, tí o gbé e sínú ọkọ̀ ẹ, kí àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò tó dé, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rí i. O wá sọ fún wọn pé ó kánjú. Akínwùmí! Ẹni tí kì í kánjú bu iyọ̀ sọ́bẹ̀!

Wọ́n wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. O dúró níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun wò ẹ́, o sì ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Mi ò rántí." Èmi wà níbẹ̀, mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi, mo rò pé orí rẹ̀ ni ò tíì pé. Lánàá ni mo wá bi í pé, kí ló dé? Kí ló dé tí o fi gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sórí ara ẹ láti ìgbà yẹn? Ó ní, "Ìwọ ni ìyá tó mọ̀. Mi ò fẹ́ kí o dúró níbì kan tí wàá ti máa yan ẹnìkan nínú àwa méjèèjì."

Ṣé o gbọ́ ìyẹn? Má wolẹ̀, wò mí. Ṣé o gbọ́ ìyẹn? Nítorí mi ni. Kí n má baà pàdánù ẹ. Òun pàdánù iṣẹ́, òun pàdánù orúkọ, àwọn onílé tó ń béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò fẹ́ kó tẹ ilé àwọn mọ́. Láràárọ̀ èmi ni mò ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù, bí mo bá sì ti ń dè é, ó máa ń wo òkè àjà bí ẹni tí dókítà ń fún ní abẹ́rẹ́. Nítorí pé kí èmi má ṣe ní ìbànújẹ́! Ta ló wá kó ìbànújẹ́ sí ọ̀dọ̀ mi tó yìí?

Síbẹ̀, kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí jù. Démi ni. Ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì nítorí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fún un ní iṣẹ́ ṣe, bàbá ló máa ń pè lórí fóònù, òun ń sọ òyìnbó, bàbá ń fi Yorùbá dáhùn, wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí bàbá ti ọsibítù dé, Démi jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Daddy, why didn't you wait? Everybody knows you have to wait." Kò fi gàn án. Ṣe ló ń ṣàánú rẹ̀. Akínwùmí tẹrí ba, ó ní, "I hurried, my dear." Ó parọ́ mọ́ ara rẹ̀ níwájú ọmọ tó bí nítorí ìwọ! Láti ọjọ́ náà, ọmọ ò pè é mọ́ nítorí iṣẹ́ ilé-ìwé. Ó ń pè o, ó ń béèrè bóyá ó jẹun, bóyá ó lo oògùn. Ìyẹn nìkan. Bí fóònù bá dún, bàbá á kọ́kọ́ jókòó dáadáa, á nu gíláàsì ojú rẹ̀ bí ẹni fẹ́ wo ìwé. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, á tún bọ́ gíláàsì sílẹ̀. Mo máa ń rí i láti ẹnu ọ̀nà.

O ń sunkún. Máa sun ún. Èmi ti sun tèmi lánàá, kò sí èyí tó kù. Wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ? Ó ṣeé ṣe. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ ní ìyàwó àti ọmọ? Mo mọ̀ wọ́n, èmi ni mò ń se ìrẹsì fún wọn nígbà Kérésì. O fẹ́ máa fún wa ní nǹkan lóṣooṣù, kí á jọ pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ láàárín ilé? Lazarus, tún un sọ kí n gbọ́. Tún un sọ lójú mi níbí, kí n mọ̀ pé ọmọ tí mo tọ́ ló sọ ọ́.

Mo fẹ́ ṣépè fún ẹ lánàá. Mo dúró níbi síńkì, mo la ẹnu. Orúkọ ẹ ò jáde. Èmi ni mo sọ ẹ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé o ṣàìsàn títí wọ́n fi ní o ti kú, o sì tún mí. Bí mo ṣe fẹ́ fi í ṣépè, mo yáa ṣí omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́. Nítorí náà má bẹ̀rù èpè, mi ò ní.

Ohun tí mo fẹ́ ni mo máa sọ. Wàá lọ bá àwọn tó ṣe àyẹ̀wò, wàá sọ ọ́ fún wọn. Wàá tún gba máíkì yẹn lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, wàá sọ ọ́ fún ìjọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì ń bọ̀, ẹsẹ̀ ẹ lè yẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀, mo mọ̀ ẹ́. Lónìí ná. Mo pe Démi láàárọ̀ yìí, mo ní kó fi kíláàsì sílẹ̀ kó máa bọ̀. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin, ó ní òun á wọ bọ́ọ̀sì láti ibùdókọ̀ Jamaica tó wà nítòsí wa níbí.

Níbo lò ń lọ? Lazarus, níbo lò ń lọ? Fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn sílẹ̀. O ò ní jáde. Èmi arúgbó ni mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yìí, tí o bá fẹ́ jáde, wàá tì mí ṣubú.

Tẹ́tí. Ẹnu géètì ló dún yẹn. Wo ojú fèrèsé. Òun nìyẹn. Ó ti ga sí i, àbí ojú mi ni? Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Yéè, Akínwùmí ni! Ó lọ pàdé rẹ̀ níbi bọ́ọ̀sì. Wò ó, ó ń bá a fa báàgì, ọmọ ò fẹ́ kó gbé e, ó sì ń rin kinkin mọ́ ọn. Jókòó. Nu ojú ẹ.

Démi, ìyá mi, káàbọ̀, wọlé, fi bàtà ẹ síbẹ̀. Bàbá Démi, má padà. Mo ní má padà, kò sí ìjà. Wọlé, jókòó tì mí. Démi, ìwọ jókòó síbí, dojú kọ uncle ẹ. Ó ní nǹkan kan tó fẹ́ sọ fún ẹ, òyìnbó ló sì máa fi sọ ọ́, kí ìkankan má baà fò ẹ́.

Ó yá, Lazarus.